Mo fẹ́ gbé ìtàn àwọn ilé àtijọ́ Pópó Àgùdà jáde fún aráyé, ṣùgbọ́n ìjà ti bẹ̀rẹ̀

Ọmọ_Pópó · Ọjọ́ Ajé, 8:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀dọ̀ màmá àgbà ni mo dàgbà sí, lẹ́yìn Campos, l'Ékòó. Láti oṣù Kejì ni mo ti ń ya fọ́tò àwọn ilé àtijọ́ tó ṣẹ́kù ládùúgbò wa, tí mo sì ń fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Fọ́tò ti tó 60, ohùn jẹ́ 14. Ohun tí mo ń rò ni pé kí ẹni tó bá ń kọjá lè tẹ orúkọ òpópónà sórí fóònù rẹ̀, kó rí ilé náà, kó ka ìtàn rẹ̀, kó sì gbọ́ ohùn ẹni tó sọ ọ́.

Wọ́n ń wó wọn ni. Méjì ló ti lọ lójú mi lọ́dún yìí. Ọ̀kan, àárọ̀ Sátidé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan tó dúró mọ́ àfi àtẹ̀gùn, tó gùn lọ sókè tí kò sì já síbì kan.

Wàhálà mi rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Facebook, mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹbí lágbájá ló kọ́ ọ, àwọn náà ló ni ín dòní. Bí màmá àgbà ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Kò tó wákàtí mẹ́ta, ẹ̀ka kejì nínú ẹbí náà ti ń pè mí. Wọ́n ní ta ló rán mi níṣẹ́, pé ẹjọ́ ilé náà wà ní kóòtù, pé mo ti gbè sẹ́yìn ẹni tó ń bá wọn jà. Bàbá kan láàárín wọn wá bá màmá àgbà nílé, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ti yọ fọ́tò náà kúrò, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà màmá àgbà kò fẹ́ sọ ìtàn kankan fún mi mọ́.

Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti àwọn ọmọ wọn, tó ti Bàhíà níbẹ̀ bọ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ Kátólíìkì, ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, mi ò fẹ́ kí orúkọ wọn parẹ́. Níbo ni kí n gbà? Ṣé kí n dojú kọ fọ́tò nìkan ni, kí n fi ìtàn sílẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Láfíàjí · Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ọmọ mi, má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò kí wọn! O ya ilé onílé, o gbé e sójú ayé, o ò kan ilẹ̀kùn wọn. Ká ní èmi ni, èmi náà á ní ta ló rán ẹ.

Lọ bá bàbá tó mú ọ̀pá dání yẹn. Má dá lọ, mú àgbà kan dání tí wọ́n jọ ń lọ Máàsì tàbí tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ àdúgbò. Kúnlẹ̀. Má gbé fóònù jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rárá. Mú mínírà dání.

Akọ̀wé_Kóòtù · Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ mínírà kọ́ ni. Ó ti lé ní ọdún 19 tí mo ti ń bá àwọn lọ́yà ṣiṣẹ́ lórí ẹjọ́ ilẹ̀, mo sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta bàbá yẹn lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré lo kọ tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: "ló ni ín".

Nílẹ̀ wa, ìtàn tí àgbà bá sọ nípa ẹni tó kọ́kọ́ dé ibì kan àti ẹni tó jogún rẹ̀, ẹ̀rí ni níwájú adájọ́. Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí Olóyè Olúwa, Àmódù Tìjání, bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ìlú London ló parí sí ní 1921, Herbert Macaulay bá a rìnrìn àjò náà. Ohun tí wọ́n lọ rò níbẹ̀ ni bí ilẹ̀ ṣe ń jẹ́ ti ẹbí àti ìlú láàárín wa. Nítorí náà, tí o bá kọ ọ́ síta pé ẹbí báyìí ló ni ilé, ẹnìkan lè tẹ̀ ẹ́ jáde kó fi sínú fáìlì. Ẹni tó bá sì bá ẹ wí kò ṣìwèrè.

Ohun tí o máa ṣe: má kọ ẹni tó ni ín, láéláé. Kọ "ilé tí ará àdúgbò ń pè ní ilé báyìí". Kọ "ìyá kan tó ti ń gbé òpópónà yìí láti kékeré sọ fún mi lọ́jọ́ báyìí pé…" Tí ẹ̀ka méjì bá ní ìtàn méjì, kọ méjèèjì, má dá ẹjọ́ láàárín wọn. Èyí tó bá sì wà ní kóòtù, fi í sílẹ̀ pátápátá títí ẹjọ́ á fi parí.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó · Ọjọ́ Ajé, 11:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo fara mọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ àfi gbólóhùn tó kẹ́yìn. Títí ẹjọ́ á fi parí? Ẹjọ́ ilé l'Ékòó? Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ á ti fẹ́yàwó.

Ẹ rántí Ilọ́jọ̀ Bar ní gbàgede Tinúbú. Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ogún orílẹ̀-èdè ní 1956, ìyẹn ni pé òfin wà lórí rẹ̀ fún 60 ọdún. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Àìkú, katakata wọlé, ó di òkìtì. Fọ́tò tí àwọn èèyàn ti yà ṣáájú ló kù tí a fi ń júwe rẹ̀ fọ́mọ. Bí gbogbo wọn bá ti ń dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá yanjú ńkọ́?

Èmi yà wọ́n sí ọ̀tọ̀: gbígbà sílẹ̀ lọ́tọ̀, gbígbé jáde lọ́tọ̀. Ya ilé tó wà ní kóòtù lónìí, kódà lónìí gan-an, nítorí òun gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ wó. Fi pa mọ́. Ọjọ́ tí o máa fi han aráyé lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá sí i.

Èyí tún wà o: kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún ẹ ni ti ayé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọmọ ìgá lè sọ fún ẹ pé àkẹtẹ̀ Èyọ̀ Lábà pupa ni, ti Oníkò yẹ́lò ni, gbogbo ayé ló ń rí i. Ṣùgbọ́n tó bá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó sì ní "èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, láàárín àwa méjèèjì ni o", pa rẹ́kọ́dà. Má dọ́gbọ́n fi í sílẹ̀ kó máa gba ohùn.

Akọ̀wé_Kóòtù · Ọjọ́ Ajé, 11:50 àárọ̀

@Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó, o jàre níbẹ̀ yẹn. Yíyà kò ní ẹjọ́ tó bá jẹ́ pé láti ojú títì ni. Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ni mo ń sọ.

Àjàṣẹ́_Nilé · Ọjọ́ Ajé, 2:17 ọ̀sán

Ẹ kú ìjókòó. Láti Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kọ, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Mo fẹ́ tún nǹkan kan ṣe kí ó tó wọnú ìwé: Ọmọ_Pópó, kì í ṣe gbogbo Àgùdà ni Kátólíìkì. Mo mọ̀ pé l'Ékòó tí wọ́n bá pe ẹnìkan ní Àgùdà, ṣọ́ọ̀ṣì lọkàn yín ń lọ. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tó ti Bàhíà padà. Ìdìtẹ̀ àwọn ẹrú ní Salvador ní 1835, Malê ni wọ́n pè wọ́n níbẹ̀, Ìmàle tiwa náà ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Bàhíà lé ọ̀pọ̀ padà sí etíkun wa, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀.

Ní Àjàṣẹ́ níbí, mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ wa, tí àlejò bá rí i, á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé Ọlọ́run ní Bàhíà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. L'Ékòó yín náà, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, tí wọ́n ṣí ní 1894, Àgùdà tó ń jẹ́ João Baptista da Costa ló kọ́ ọ, Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Tí o bá kọ "gbogbo wọn jẹ́ Kátólíìkì", ọmọ Sanusi Aka á kà á lọ́jọ́ kan.

Ọmọ_Pópó · Ọjọ́ Ajé, 2:30 ọ̀sán

Ẹ ṣeun púpọ̀ sà. Ojú tì mí díẹ̀. Mùsùlùmí wà ní òpópónà wa tí orúkọ bàbá wọn jẹ́ ti Potogí, mi ò tilẹ̀ ronú kàn án.

Bàbá_Gbẹ́nàgbẹ́nà · Ọjọ́ Ajé, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Mo ti fẹ̀yìn tì, Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹbí àti kóòtù, ẹnìkan ò sọ bí a ṣe ń wo ilé. Ilé fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ o.

Dúró níwájú rẹ̀. Wo òkè ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ ṣe. Wàá rí lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ́ ọ ní ìkékúrú, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ á rí 1911, wọ́n á kọ "wọ́n kọ́ ọ ní 1911". Ó lè má rí bẹ́ẹ̀! Nílé ọ̀gá mi, ọdún tó wà lókè ilẹ̀kùn, ọdún tí wọ́n gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e ni. Ìsàlẹ̀ ti wà tipẹ́tipẹ́. O máa mọ̀ ọ́n lára ògiri: ti ìsàlẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé méjì lè jókòó sójú fèrèsé kí wọ́n máa ta ayò, ti òkè fẹ́lẹ́. Nítorí náà kọ "1911 ló wà lókè ilẹ̀kùn". Ohun tí ojú rẹ rí nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá ẹ jiyàn.

Wo fèrèsé. Tó bá jẹ́ pákó tí wọ́n là ní wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ka iye tó kù àti iye tí wọ́n ti fi gíláàsì pààrọ̀. Wo òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe yí orí fèrèsé ká. Bíríkìlà kan máa ń ní òdòdó tirẹ̀. Tí o bá rí òdòdó kan náà lára ilé mẹ́ta ní òpópónà mẹ́ta, ọwọ́ kan náà ló ṣe é, o ti rí nǹkan tí kò sí nínú ìwé kankan nìyẹn. Wọlé tí wọ́n bá gbà ẹ́ láyè: ọ̀nà kan gbọọrọ láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, àgbàlá lẹ́yìn. Kànga wà lẹ́yìn. Má gbàgbé kànga. Ilé da Rocha ní Kákàwá, tí gbogbo Èkó ń pè ní Water House, ara kànga ló ti gba orúkọ rẹ̀, omi ni wọ́n ń tà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ omi ò tíì dé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni João Esan da Rocha tó kọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí orúkọ Potogí tàn yín.

Àtẹ̀gùn pákó, fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Tí kò bá sí ìṣó, tí wọ́n kàn ki pákó bọ pákó, pè mí, mo fẹ́ wá wò ó kí n tó kú.

Fọ́tò_Kánkán · Ọjọ́ Ajé, 9:22 alẹ́

Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ tán, ẹ kú ọjọ́ orí. Tèmi ò gùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ, kí o ya ilé. Ọlọ́jà ò tíì tẹ́ ọjà, agboòrùn ò tíì bo ojú ilé. Ya òpópónà látòkèèrè kí ilé àti aládùúgbò rẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀, ya iwájú gbọọrọ, ya ilẹ̀kùn, ya ohun tí Bàbá sọ lókè. Jẹ́ kí èèyàn kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nínú ọ̀kan kí a lè mọ bó ṣe ga tó. Má fi àwọ̀ kankan sí i láti fi mú un dán. Ọ̀pọ̀ fóònù ló lè kọ ibi tí a ti ya fọ́tò sínú fáìlì. Fún ìta ilé ó dáa, ṣùgbọ́n yọ ọ́ kúrò lára fọ́tò inú ilé, olè náà ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Fáìlì, ibi mẹ́ta: fóònù rẹ, háàdì tó wà nílé ẹlòmíràn, àti orí ayélujára. Mo sọ pé ilé ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ọdún méjì ló bá háàdì mi lọ lọ́jọ́ tí omi wọlé.

Lórí mínírà: màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ ti àgbà nínú ilé, ó dáa, ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìta tó bá ní kó "rí àwọn" kó tó ya fọ́tò, tó bá fún wọn lẹ́ẹ̀kan, iye owó náà á máa lọ sókè ni. Kó mú ọmọ òpópónà náà kan dání, ìyẹn tó.

Ìyá_Ìbejì_Láfíàjí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:03 àárọ̀

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kẹ̀? Àwọn onílé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló máa ṣílẹ̀kùn? Ya ìta láàárọ̀, padà wá lẹ́yìn Máàsì.

Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ ti ìṣó àti ti sìmẹ́ńtì. Ṣé ògiri nìkan ni àdúgbò ni? Gbogbo Gúùdù Fúráìdè, tí o bá ń kọjá ní òpópónà wa, òórùn fírèjọ̀nù ló máa sọ fún ẹ pé o ti wọ ọ̀dọ̀ Àgùdà. Ẹ̀wà tí wọ́n rẹ, tí wọ́n sè jẹ̀lẹ́ńkẹ́, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n wá da omi àgbọn sí títí á fi kì, tí a ó fi ẹja àti gàrí jẹ ẹ́. Ìyá mi kì í jẹ́ ká fi ṣíbí irin ro ó. Ìkòkò náà ṣì wà nílé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú bí ọ̀dà. Ya ìkòkò náà. Ya Kàrẹ́tà, ijó ìgboro àwọn Àgùdà, nígbà àjọ̀dún Fántì, kí o kọ orúkọ àwọn tó ń rán aṣọ rẹ̀, nítorí àwọn tó ń jó nìkan ni gbogbo ayé ń yà.

Bàhíà_Lójú_Mi · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, Salvador ni mo ń gbé. Mo fẹ́ da omi tútù sí i díẹ̀. Níbí, àárín ìlú àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní Pelourinho. Orúkọ yẹn gan-an, òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ láti nà án ni. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní 1985. Ní àwọn ọdún 1990 ìjọba ìpínlẹ̀ tún àwọn ilé náà ṣe, wọ́n kùn wọ́n ní yẹ́lò, ní búlúù, ní osùn. Wọ́n rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tálákà tó ń gbé inú wọn, tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi lé wọn jáde. Àwọn tí ìtàn wọn ń mú àlejò wá ò sí níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà kí Ọmọ_Pópó ronú sí i. Tí ó bá polówó àdúgbò, ta ló ń polówó rẹ̀ fún?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:52 ọ̀sán

Ọ̀rẹ́, mo gbọ́, ṣùgbọ́n Èkó kì í ṣe Salvador. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ní Pópó Àgùdà láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù kò dúró de Facebook. Ó ti mọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó wà níbẹ̀ kí a tó bí wa. Ẹni tí kò mọ̀ ni àwọn ọmọ ẹbí tó wà ní Lẹ́kí àti ní London, tí wọ́n ń gba ìpín wọn nínú owó ilé tí wọn ò rí rí. Àwọn ni mo fẹ́ kó rí fọ́tò náà.

A sì ti rí lílé jáde rí láìsí àlejò kankan. LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn eku, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Èkó láti 1955, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Wọ́n ní agboolé wa dọ̀tí. Bàbá mi àgbà lọ, kò padà.

Olùkọ́_Àdúrótì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 alẹ́

Ọ̀rọ̀ 1955 yẹn wúlò fún nǹkan mìíràn. Ọmọ_Pópó, má bi àgbà pé "ọdún wo ni?" Á wò ẹ́, á sì dá ọdún kan sílẹ̀ kó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bi í pé: ṣé kí wọ́n tó kó yín lọ sí Sùúrùlérè ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé Ọbabìnrin ti wá? 1956 nìyẹn. Ṣé mọ́tò ti ń gba apá ọ̀tún? 1972. Ṣé pọ́n-ùn ṣì là ń ná, àbí náírà ti dé? 1973. Ìyá kan sọ fún mi pé òun ò mọ ọdún tí àjà ilé òun jábọ́, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ tuntun ló wà lọ́wọ́ ọmọ òun lọ́jọ́ náà, tó sì gbé e mì.

Lẹ́yìn náà, bó bá ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́. Má tún Yorùbá Èkó wọn ṣe sí ti ìwé.

Ọmọ_Pópó · Ọjọ́ Àìkú, 4:36 ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ 12

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ. Ọ̀rẹ́ màmá àgbà kan ló mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá tó mú ọ̀pá dání yẹn. Mo kúnlẹ̀, mi ò mú fóònù jáde, mo gbé mínírà lọ (ẹ̀gbọ́n Fọ́tò, ẹ má bínú). Bàbá kọ́kọ́ wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Mo ka ọ̀rọ̀ tuntun tí mo fẹ́ kọ sábẹ́ fọ́tò sí wọn létí: orúkọ tí àdúgbò ń pe ilé náà, lẹ́tà tó wà lókè ilẹ̀kùn, ìtàn méjèèjì pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ní ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n kí n má tíì gbé e jáde, mo sì ti gbà.

Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé fọ́tò kan jáde tí wọ́n fi bébà dì. Iwájú ilé náà ni, ilẹ̀ títì ṣì jẹ́ iyanrìn, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò sí lórí rẹ̀. Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ jàre o! Ilé ilẹ̀ ni. Obìnrin mẹ́ta dúró sílẹ̀kùn pẹ̀lú ìborùn, ọkùnrin kan mú igi ìwọn-nǹkan dání. Bàbá mọ méjì nínú àwọn obìnrin náà. Wọn ò mọ ọkùnrin yẹn. Mo fi han màmá àgbà lálẹ́, wọ́n gbé e súnmọ́ iná, wọ́n ní, "Kì í ṣe ọmọ ilé. Bíríkìlà ni."

Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ padà, nítorí náà ohùn ti di 15.

Bàbá_Gbẹ́nàgbẹ́nà · Ọjọ́ Àìkú, 4:51 ìrọ̀lẹ́

Bíríkìlà wo? Wo òdòdó tó wà lórí fèrèsé nínú fọ́tò yẹn, kí o gbé e súnmọ́ kí o yà á fún mi. Àtẹ̀gùn ńkọ́, o fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀?